Ìwé Tí Mo Yìn Kí N Tó Dé Cow Lane

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn wa yìí, ẹ ó rántí pé ní ọdún tó kọjá mo kọ ọ̀rọ̀ kan síbí nípa ìwé aláwọ̀ ewé kan, èyí tí òyìnbó onímọ̀ kan kọ nípa àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Àkírà ní Gánà. Mo yin ìwé náà. Mo ní òǹkọ̀wé rẹ̀ ní sùúrù, mo ní ó wádìí ọ̀rọ̀ dé gbòǹgbò, mo sì ní kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àjò ń sọ ọmọ Yorùbá dà lọ rà á. Mo ti lọ sí Àkírà báyìí, mo sì ti dé. Irọ́ ni mo pa fún yín. N kò mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ̀ tó sì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ̀, n kò rí ọ̀nà tí a fi lè dá a láre.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìbínú náà lè rọlẹ̀ kí n tó gbé kálàmù. Kò rọlẹ̀. Mo wá pinnu láti yẹ ìbínú náà wò bí mo ṣe ń yẹ ìwé wò, kí n mọ èyí tó tọ́ sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀ àti èyí tó jẹ́ ìtìjú tèmi.

Ojú ọ̀nà

Ìwé mẹ́ta ni mo kó dání. Ti obìnrin òyìnbó kan tó gba ọ̀nà etíkun yìí kan náà kọjá ni mo kọ́kọ́ ṣí, nínú bọ́lẹ̀kájà, láàrin àwọn obìnrin Èjìgbò méjì tó ń padà sí ìsọ̀ wọn ní Àkírà. Òǹkọ̀wé náà sọ pé àwọn èrò ọkọ̀ ní apá ibí kì í bá ara wọn sọ̀rọ̀, pé ṣe ni wọ́n máa ń jókòó bí ẹrù. Mo gbé ojú sókè. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà ń ka ẹ̀sùn ọkọ ọmọ rẹ̀ sí èkejì létí, bàbá kan láti ẹ̀yìn ń gbèjà ọkùnrin náà, awakọ̀ sì ti ń dá ẹjọ́.

“Ọmọ, kí ló wà nínú ìwé yẹn tí o fi fajúro báyìí?” ni ìyá tó wà lápá ọ̀tún mi bi mí.

“Ó ní a kì í sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, Mà.”

“Ta ló ní bẹ́ẹ̀?”

“Obìnrin òyìnbó kan ni, Mà.”

“Ó gbọ́ Yorùbá?”

“Rárá, Mà.”

“Ó gbọ́ Ègùn?”

“Rárá.”

“Á jẹ́ pé etí rẹ̀ ló ń sùn.” Ó sì padà sórí ẹjọ́ ọkọ ọmọ rẹ̀.

Kí n má purọ́ mọ́ òǹkọ̀wé náà: ohun tó kọ nípa òkun ní Lómè tọ́. Òkun ń bú bó ṣe ní ó ń bú, ìyanrìn ibẹ̀ sì funfun bó ṣe wí. Ohun tí kò lè dá a lóhùn nìkan ló kọ dáadáa. Mo fi lẹ́ẹ̀dì kọ èyí sí ẹ̀gbẹ́ ojú ìwé náà, inú mi sì dùn sí ọgbọ́n ara mi. N kò mọ̀ pé ara mi náà ni mo ń bá wí.

Omi ṣáájú ọ̀rọ̀

Ní Cow Lane, mo dọ̀bálẹ̀, mo sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jíṣẹ́ ilé, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tó jẹ́ olórí agbo ilé wa níbẹ̀, tí gbogbo ilé ń pè ní Bàbá, gbé ọwọ́ sókè.

“Mu omi ná.”

Mo mu omi. Gbogbo wọn jókòó, wọ́n ń wò mí. Ìgbà tí mo gbé igbá kalẹ̀ ló tó bi mí, bí ẹni pé kì í ṣe òun ló ránṣẹ́ pè mí: “Ó dára. Àwa níbí, àlàáfíà la wà. Ìwọ lo rìn. Kí lo rìn wá ṣe?”

Àṣà àwọn ará Gánà ni, àwọn èèyàn wa sì ti sọ ọ́ di tiwọn. Àlejò gbọ́dọ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó bá wá, bí gbogbo ilé tilẹ̀ mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí ibi tí wọ́n ti fi ọ̀wọ̀ bẹ́ẹ̀ bi mí ní ìbéèrè rí.

“Mo wá kí yín ni, Bàbá. Mo sì mú ìwé kan wá, tí wọ́n kọ nípa yín.”

Ìyá arúgbó kan tó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yí orí sí mi. Ìyá Àgbà ni a ń pè é. Òun ni ìyàwó tó kéré jù lára àwọn ìyàwó bàbá bàbá mi, òun nìkan ló sì kù láyé nínú wọn.

“Ṣé ìwé mi ni?” ó bi mí.

N kò lóye ìbéèrè náà. Mo rò pé ogbó ni. “Ìwé gbogbo yín ni, Mà,” mo dáhùn, mo sì rẹ́rìn-ín bí ọ̀mọ̀wé.

Mẹ̀múnà, àbíkẹ́yìn Bàbá, gbé kẹ́ńkè, ìyẹn ẹ̀kọ àwọn ará Gánà, àti ẹja díndín àti ata wá fún mi. Àkírà ni wọ́n bí i sí, iṣẹ́ ìtẹ̀wé ló ń ṣe ní ọ́fíìsì kan, Yorùbá rẹ̀ sì máa ń bá Gáà àti Twi pàdé lẹ́nu rẹ̀ láìjà. Mo tú ewé kẹ́ńkè, mo wo yíká, mo ń wá ọbẹ̀.

“Chálè! Bọ̀ọ̀dá Ìbàdàn ń wá ọbẹ̀!” ó pariwo sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ níta. “Bọ̀ọ̀dá, ata yẹn ni ọbẹ̀. Ẹja yẹn ni ẹran. Ẹ jẹun, ẹ má ka ìwé sí i.”

Ó kan díẹ̀, ó sì dùn. Ní ọjọ́ kẹta n kò lè jẹ ẹ̀bà mọ́. Ní ìta, bí mo bá ti la ẹnu báyìí, “Alata” ni mí, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn Yorùbá níbẹ̀. Wọn kì í sọ ọ́ pẹ̀lú ìkà, bí ẹni ń sọ pé ẹnì kan ga ni. Àsíá tuntun wọn wà lórí gbogbo ilé ìjọba, ìràwọ̀ dúdú wà láàrin rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ sì ń rìn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra bàtà. Mo jowú wọn, nítorí a ṣì ń retí òmìnira tiwa. Nínú ilé, “ará ilé” ni wọ́n ń pè mí, ìyẹn ẹni tí kò tíì mọ nǹkan kan. Òótọ́ sì ni.

Eyínafẹ́ dáhùn

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n ní kí n ka ìwé náà fún àwọn. Mo jókòó sórí àpótí, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ṣe ń kà á. Mo ti mú ibi tí mo fẹ́ràn jù, tí mo yìn jù fún ẹ̀yin náà. Níbẹ̀ ni òǹkọ̀wé ti sọ pé òun bá agbo ilé Yorùbá kan pàdé ní Cow Lane, tí àwọn ará ibẹ̀ ti sọ orúkọ ìdílé wọn nù. Ó ní wọn kò jẹ́ orúkọ bàbá wọn mọ́, orúkọ ẹ̀fẹ̀ tí wọ́n fún ara wọn lójú pópó ni wọ́n ń jẹ́. Ó ní ohun tí àjò máa ń ṣe nìyẹn, ó máa ń sọ èèyàn di aláìnírandíran. Ó wá to àwọn orúkọ náà.

“Eyínafẹ́,” mo kà.

“Hẹn?” ni Bàbá dáhùn.

Mo rò pé kò gbọ́ mi dáadáa. Mo gbé ohùn sókè. “Ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Eyínafẹ́…”

“Mo ní hẹn! Kí ló fẹ́?”

Mẹ̀múnà bú sẹ́rìn-ín, ó ń lu itan. “Bọ̀ọ̀dá, Bàbá ni Eyínafẹ́! Ìyá Àgbà ló ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀.”

Bàbá ya ẹnu kí n lè rí i. Eyín méjì ló kù níbẹ̀. “Wò ó dáadáa,” ó ní. “Afẹ́ ọ̀hún ti tán.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín.

N kò ní láti ṣàlàyé fún yín. Ta ni nínú yín tí kò mọ̀ pé ìyàwó kì í dárúkọ àwọn tó bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́? Òun ló ń fún wọn lórúkọ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé kọ̀ọ̀kan fi ní Ìbàdíàrán tirẹ̀, Adúmáradán tirẹ̀, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ tirẹ̀. Ìyá tèmi ń ṣe é lójoojúmọ́ ní ojú mi. Mo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àwọn orúkọ wọ̀nyẹn lójú ìwé, láìsí àmì, lédè òyìnbó, pẹ̀lú àlàyé lábẹ́ wọn, n kò mọ̀ wọ́n mọ́. Mo gba ẹni tó tẹ ìwé gbọ́ ju ìyá mi lọ.

“Ta ni Adúmáradán?” mo bi wọ́n.

“Àbúrò wa obìnrin ni, ó ti kú,” ni Bàbá wí.

Mo wo orúkọ tó tẹ̀ lé e. “Akọ̀wé ńkọ́?”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. “Bàbá rẹ ni, kó tó padà sílé. Nígbà tí wọ́n gbé mi wọ ilé yìí, kò tíì wọ ilé ìwé. Síléètì fífọ́ kan wà tí kì í gbé sílẹ̀. Bó bá ń jẹun, abẹ́ apá rẹ̀ ló máa ń wà. Kí ni ǹ bá pè é?”

Ẹ̀yin tí ẹ tọ́jú ìwé ìròyìn ọdún tó kọjá, ẹ lọ wo ìpínrọ̀ kẹrin ọ̀rọ̀ mi. Òǹkọ̀wé ní Akọ̀wé kan wà níbẹ̀ tí kò di kálàmù mú rí ní ọ́fíìsì kankan, tó kàn ń fi orúkọ ṣe fáàrí. Mo mú un ṣe àpẹẹrẹ. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀. Bàbá mi, tó ta oko kan kí n lè ka ìwé, ni mo fi ṣẹ̀fẹ̀ ní ojú ẹgbẹ̀rún èèyàn, bẹ́ẹ̀ ni mo sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí i nílé.

Ìyá Àgbà na ọwọ́. Mo gbé ìwé náà fún un. Ó ṣí i, ó fi ọwọ́ ra ojú ìwé náà, ó gbé e sí imú, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò.

“Lásísì dà nínú rẹ̀?” ó bèèrè.

Mo bèèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Bàbá ló sọ ọ́ fún mi. Lásísì ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Àgbà bí. Nígbà tó wà ní ilé ìwé, ìyá rẹ̀ máa ń jókòó tì í ní ọ̀sán, á máa sọ ìtàn àwọn ará ilé fún un, ẹni tó tètè dé, ẹni tó kọlé, ibi tí wọ́n sin ẹni tó kú sí, Lásísì á sì máa kọ ohun tó sọ bó ṣe sọ ọ́ gan-an, sínú ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù kan. Lásísì kú kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni òyìnbó náà dé pẹ̀lú ògbufọ̀ ọmọ Hausa. Ìyá Àgbà gbọ́ Hausa. Ó fún wọn lómi, ó bi wọ́n ní ohun tí wọ́n bá wá, wọ́n ní ìtàn ni. Ó gbé ìwé Lásísì jáde. Òyìnbó ní òun yóò lò ó fún ọjọ́ méjì. Kò dá a padà mọ́.

Mo bi Ìyá Àgbà bóyá ó fẹ́ kí wọ́n tún ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ.

“Ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ́,” ó ní. “Ìyẹn wà ní orí mi. Ọwọ́ ọmọ mi ni mo ń wí. Níbo ni mo tún ti fẹ́ rí ọwọ́ rẹ̀?”

Ohun tí Mẹ̀múnà kà

Òyìnbó náà ń bọ̀ ní Àkírà láàrin oṣù yẹn láti wá sọ̀rọ̀ nípa ìwé rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí mi, tó dúpẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ, tó sì ní kí n wá bá òun ní gbọ̀ngàn. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni a fi retí rẹ̀. Kí n má baà bínú lásán, mo ka ìwé kẹta, ìtàn àròsọ tí ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan kọ, nípa ọkùnrin tó ti òkè òkun dé tí ìlú kò sì yé e mọ́. Mo fẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí ẹni tó kọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì mú kí n fura. Mẹ̀múnà gbà á lọ́wọ́ mi, ó kà á tán ní alẹ́ méjì.

“Báwo lo ṣe rí i?” mo bi í.

“Àwọn obìnrin inú rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́,” ó ní. “Ẹ wò ó, Bọ̀ọ̀dá. Ẹkún ni wọ́n ń sun láti orí kìn-ín-ní. Ta ló ń se oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ? Ta ló ń lọ sọ́jà?”

Ojú ìwé méjì ni mo ti kọ nípa ìwé náà. Mo ya á. Kò sí ohun tí mo kọ síbẹ̀ tó tó ìdajì ìyẹn.

Ọjọ́ méjì

Ìyá Àgbà wọ ìró tuntun, ó ní òun ń lọ. Èmi àti Mẹ̀múnà mú un lọ́wọ́ dé gbọ̀ngàn. Òyìnbó náà kì í ṣe èèyàn burúkú lójú. Ó rí Ìyá Àgbà láti òkèèrè, ó mọ̀ ọ́n, ó fò sọ̀kalẹ̀ wá dì í mú, inú rẹ̀ dùn tọkàntọkàn. Mo sọ èyí nítorí òótọ́ ni.

“Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Òyìnbó,” ni Ìyá Àgbà wí, ó sì ní kí n túmọ̀ rẹ̀. “Ọjọ́ méjì lẹ dá.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní kí wọ́n wá àga fún màmá. Ó gun orí pèpéle, ó sọ̀rọ̀ dáadáa, ó ka ti Akọ̀wé, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó wọ kòótù rẹ́rìn-ín bí èmi náà ṣe rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ní kí ẹni tó ní ìbéèrè dìde, mo dìde. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í dìde.

Mo ní Akọ̀wé ni bàbá mi. Mo ní orúkọ rẹ̀ wà, ti bàbá rẹ̀ wà, ti bàbá bàbá rẹ̀ náà wà, pé ẹni tó sọ ìtàn náà kàn ń bọ̀wọ̀ fún wọn ni kò fi dárúkọ wọn. Òǹkọ̀wé kọ nǹkan sí bébà, ó ní èyí wu òun gidigidi, pé òun yóò fi kún un bí wọ́n bá tún ìwé náà tẹ̀.

“Ìwé ìkọ̀wé aláwọ̀ búlúù náà ńkọ́, ọ̀gá?”

Ó ní ọkàn wa kò ní láti dààmú, ó wà ní ilé ìkówèésí ńlá kan ní ìlú òun, nínú dígí, níbi tí òjò àti ikán kò lè dé. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ gbólóhùn tó kẹ́yìn: “Màmá kò sì lè kà á.”

Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Ìyá Àgbà, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

“Bi í,” ó ní, “kí ló pè mí nínú ìwé rẹ̀?”

N kò ní láti bi í. Mo mọ̀ ọ́n. Obìnrin arúgbó kan tí kò mọ ìwé: bó ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké. Síbẹ̀ mo bi í. Òyìnbó ní àṣà àwọn onímọ̀ ni láti fi orúkọ ẹni tó bá wọn sọ̀rọ̀ pamọ́, kí ibi má baà bá a. Mo gbé àlàyé yìí wò fún ọjọ́ púpọ̀, nítorí ó lè jẹ́ òtítọ́ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó rò pé ó jẹ́ orúkọ ló tẹ̀ jáde, ti alààyè àti ti òkú. Ẹnì kan ṣoṣo tó fi pamọ́ ni ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

Ìyá Àgbà gbọ́ ìdáhùn náà tán, ó gbá ìró rẹ̀ jọ, ó dìde.

“Èmi tí n kò dárúkọ wọn, ọ̀wọ̀ ni,” ó ní. “Òun tí kò dárúkọ mi ńkọ́?”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. A mú un lọ́wọ́, a jáde.

Ohun tí ó ní kí n kọ

Mo ti Àkírà dé ilé, mo dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi. Ó ní òun ti ka ọ̀rọ̀ mi láti ọdún tó kọjá. Mo bi í ìdí tí kò fi bá mi wí. “Mo rò pé o mọ̀ pé èmi ni,” ó ní. “Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní yunifásítì nìyẹn.” Èyí tó jẹ́ tèmi nínú ìbínú náà nìyẹn.

Èyí tó kù kì í ṣe tèmi. Mo ti kọ lẹ́tà méjì sí ilé ìkówèésí náà; wọn kò tíì fèsì. Bí ọmọ yín kan bá wà ní ìlú òyìnbó, ẹ ní kó bá mi bèèrè ìwé ìkọ̀wé búlúù kan, tí àtẹ ìṣírò wà lẹ́yìn rẹ̀, tí àbàwọ́n obì wà ní ojú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, tí ọmọ ilé ìwé fi yíǹkì dúdú kọ. Kì í ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ni a ń wá.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ kúrò ní Cow Lane, mo kúnlẹ̀ ti Ìyá Àgbà, mo ní mo fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ mi tuntun, n kò sì mọ orúkọ tí ǹ bá pè é nínú rẹ̀, nítorí ọmọ kì í dárúkọ ìyá.

“Má fi ẹnu pè é,” ó ní. “Fi ọwọ́ kọ ọ́. Ọwọ́ ni Lásísì náà fi kọ ọ́, ní ẹ̀yìn ìwé yẹn.”

Mo kọ ọ́. Ṣìfáwù Àbẹ̀kẹ́ ni, ìyá Lásísì.